Láti Àwo Ara Pósí Dé Ìwé Ẹyẹ: Bí Ṣọ́ọ̀bù Fífín Kékeré Kan Ṣe Bẹ̀rẹ̀, Tó sì Gbèrú

Kí ètò òní tó parí, a ó fún àwọn kan nínú wa ní àwo ìrántí tí a fín orúkọ wọn sí lára. A ó pàtẹ́wọ́, a ó ya fọ́tò, wọn yóò sì gbé àwo náà kọ́ sára ògiri pálọ̀ wọn. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni pé: ta ló jókòó fín orúkọ yìí? Báwo ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, báwo ló sì ṣe ń gbèrú dé ibi tí yóò fi bọ́ ìdílé, tí yóò tún sọ ọmọ ẹlòmíràn di ọ̀gá?

Ohun tó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí kò ju pé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àṣìṣe wà lára àwo tí wọ́n fi dá mi lọ́lá. Wọ́n fo lẹ́tà kan nínú orúkọ bàbá mi. Mo gbé àwo náà, mo wá ṣọ́ọ̀bù ẹni tó fín in lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan lórí tábìlì àti jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ilé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún mi ni mo ṣe fín in." Ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Bí mo ti ń dúró, ó bi mí pé, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ṣé iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí lè di ńlá lọ́jọ́ kan?" N kò rí èsì tó nítumọ̀ fún un lọ́jọ́ náà, àdúrà ni mo kàn gbà fún un. Àpilẹ̀kọ yìí ni èsì tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

KÍ NI IṢẸ́ FÍFÍN?

Fífín ni pé kí á fi irin ẹnu mímú gé ìlà, àwòrán tàbí lẹ́tà sára ohun líle. Kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ọlọ́nà Ọ̀yọ́ ń fín igbá, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń fín etí ọpọ́n Ifá, àwọn Núpé ní Bídà sì ń ṣe ọnà sára abọ́ idẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìwé títẹ̀ ti dé ayé, fífín ní iṣẹ́ mìíràn: kí ohun tí a fín lè tẹ àwòrán sórí bébà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ṣe èyí láyé àtijọ́. Ọ̀nà kìíní ni pé kí á gé ìlà sínú àwo bàbà, kí á fi tàdáwà kún inú ìlà náà, kí á nu ojú àwo mọ́, kí á sì fi ẹ̀rọ alágbára tẹ bébà mọ́ ọn kí ó lè fa tàdáwà jáde. Ọ̀nà kejì ni ti igi. Ní ti igi, ibi tí a kò fẹ́ kó hàn ni a ń gé kúrò, ibi tó yọrí sókè ló ń mú tàdáwà. Ẹni tó bá ti rí òǹtẹ̀ ọ́fíìsì rí ti mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á rántí ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, nítorí òun ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ìtàn náà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìlú Newcastle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn. Mo yàn án nítorí pé ẹni tó sọ ṣọ́ọ̀bù náà di olókìkí kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àti nítorí pé ìwé ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà títí di òní.

ṢỌ́Ọ̀BÙ RALPH BEILBY

Ralph Beilby ni orúkọ ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ William àti àbúrò rẹ̀ obìnrin Mary ń kun ọnà sára ife gíláàsì, òun ní tirẹ̀ ń fín irin àti fàdákà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. Nicholas ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà.

Kò sí iṣẹ́ tí wọn kì í gbà níbẹ̀. Wọ́n ń fín àwo orúkọ ẹnu ọ̀nà, àwo orúkọ ara pósí, ojú aago, èdìdì, òrùka ìrántí òkú, àmì ìdílé sára ohun èlò fàdákà, àti àwo bàbà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé owó àwọn oníṣòwò. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, kò yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bímọ, bí a kú, bí a ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, ọ̀dọ̀ afínnǹkan ni wọ́n ń gbà lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1767, wọ́n mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Beilby. Thomas Bewick ni orúkọ rẹ̀. Ní oko kan tó ń jẹ́ Cherryburn, ní nǹkan bí máìlì 12 sí Newcastle, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1753. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì tún ń wa èédú díẹ̀. Ọmọ tí kò lè rí ibi tó tẹ́jú kí ó má yàwòrán sí i ni Thomas. Nígbà tí kò rí bébà, ẹfun ló fi ń yàwòrán sórí òkúta ibojì àti ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn. Pọ́n-ùn 20 tí ìyá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú ni wọ́n fi san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 7 ni àdéhùn.

Kì í ṣe àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́. Dídán àwo bàbà àti mímú irin èdìdì le nínú iná ló ń ṣe títí ọwọ́ rẹ̀ fi le koko bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà tó dàgbà, ó jẹ́rìí pé kò sí ọ̀gá tó dára tó Beilby láti kọ́ ọmọ níṣẹ́, nítorí pé gbogbo oríṣi iṣẹ́ tó bá wọlé ló ń jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ kàn.

IṢẸ́ TÍ Ọ̀GÁ KÒ FẸ́

Ibí yìí ni orí iṣẹ́ náà ti yí padà. Olùkọ́ ìṣirò kan wà ní Newcastle tó ń jẹ́ Charles Hutton. Ó ń ṣe ìwé kan lórí ìwọ̀n, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1770. Ó nílò àwòrán ìlà àti igun púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fín wọn sára bàbà, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni wọn yóò fi tẹ̀ wọ́n, owó yóò sì gorí owó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fín wọn sára igi tí gíga rẹ̀ bá ti lẹ́tà òjé ìtẹ̀wé mu, àwòrán àti ọ̀rọ̀ yóò jọ wà lójú ewé kan, ẹ̀rọ kan náà yóò sì tẹ̀ wọ́n pọ̀.

Beilby kò fẹ́ràn iṣẹ́ igi, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Láyé ìgbà náà, iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni wọ́n ka àwòrán orí igi sí; ìwé ìtàn olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún. Ọ̀gá lè dá oníbàárà padà. Kò dá a padà, ó gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ iṣẹ́. Thomas ṣe é, ó mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà, ó fín àwòrán St. George àti dírágónì fún ìwé owó ilé ọtí kan, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló ṣe é. Àwọn tó ń tẹ ìwé ọmọdé náà gbọ́, wọ́n wá. Iṣẹ́ tí ọ̀gá kò fẹ́ di iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí Bewick ṣe sí iṣẹ́ igi rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó le láti ṣe. Àwọn tó ń fi igi tẹ àwòrán láti ayé àtijọ́ máa ń fi ọ̀bẹ gé pákó tí a là ní gígùn, èyí tó rọ̀ tó sì tètè ń fọ́. Bewick kò lo irú pákó bẹ́ẹ̀. Igi líle kan tó ń jẹ́ boxwood ló lò. Wọ́n fi ayùn gé e ní ìbú, bí ẹni gé ìtì iṣu, ojú ibi tí wọ́n gé náà ló sì ń fín. Kò lo ọ̀bẹ níbẹ̀ mọ́. Irin ẹnu mímú tí wọ́n fi ń fín bàbà àti fàdákà ló lò. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ àwo pósí àti ṣíbí fàdákà tó kọ́ kò ṣòfò. Ó tún máa ń rẹ àwọn ibì kan lára igi náà sílẹ̀ díẹ̀ kí tàdáwà má baà mú níbẹ̀ púpọ̀, kí ohun tó jìnnà nínú àwòrán lè hàn bí ohun tó jìnnà lóòótọ́. Igi bẹ́ẹ̀ kì í tètè jẹ. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn igi òun tẹ bébà tó lé ní 900,000.

Ọ̀GÁ ÀTI ỌMỌ IṢẸ́ DI ALÁJỌṢE

Ọdún 1774 ló parí ìkọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1775, ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń gbé iṣẹ́ ọnà ga fún un ní gíní 7 nítorí àwòrán igi rẹ̀, ó sì kó owó náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1776, ó fi ẹsẹ̀ rìn kiri ilẹ̀ Scotland, ó sì tún lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú náà kò bá a lára mu. Kò pé ọdún kan tó fi padà sílé.

Nígbà tó dé ní 1777, Beilby gbà kí àwọn jọ dókòwò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ọ̀gá yìí ṣe. Ọmọ iṣẹ́ tó ti ju ọ̀gá lọ nínú apá kan iṣẹ́ náà lè di ẹni tí ọ̀gá ń bẹ̀rù, tí yóò sì máa wá ọ̀nà láti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Beilby fún un ní ìpín. Àwọn àgbà wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Beilby mọ fàdákà àti bàbà, ó sì mọ àwọn oníbàárà. Bewick mọ igi. Ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ gbà ni John, àbúrò Bewick.

ÌWÉ ẸRANKO ÀTI ÌWÉ ẸYẸ

Títí di ìgbà yìí, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣe. Bí oníbàárà kò bá wá, kò sí owó. Wọ́n wá pinnu láti ṣe ohun tí yóò jẹ́ tiwọn: ìwé nípa àwọn ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Kò sí èyí tó fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ sílẹ̀ nínú wọn. Lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́ oníbàárà, Bewick a máa fín àwòrán, Beilby a máa kọ ọ̀rọ̀. Solomon Hodgson tó ní ilé ìtẹ̀wé di ẹnì kẹta wọn.

Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1785 ni Bewick bẹ̀rẹ̀ sí í fín àwòrán àkọ́kọ́, àwòrán ràkúnmí. Ọjọ́ náà gan-an ni ìròyìn ikú bàbá rẹ̀ kàn án. Ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú nínú ọdún yẹn kan náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí igi. Ọdún 1790 ni ìwé náà jáde, ó sì tà débi pé wọ́n tún un tẹ̀ ní 1791 àti 1792. Ìwé àwọn ẹyẹ ló tẹ̀ lé e. Apá kìíní, èyí tó dá lórí ẹyẹ orí ilẹ̀, jáde ní 1797. Nínú ilé tí kò ní àwòrán kankan rí, ọmọdé lè ṣí ìwé yìí, kí ó rí ẹyẹ tó ń rí lóko, ìyẹ́ rẹ̀ pé, igi tó bà lé pé.

ORÚKỌ TA NI KÍ Á KỌ SÍWÁJÚ ÌWÉ?

Lórí ìwé ẹyẹ yìí gan-an ni ìjà ti dé. Beilby tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun síwájú ìwé gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Bewick kò gbà. Ó ní òun náà ṣàtúnṣe sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àti pé nítorí àwòrán ni wọ́n fi ń ra ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ dá sí i. Níkẹyìn, wọn kò kọ orúkọ Beilby síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Láàárín 1797 sí 1798, àjọṣe ogún ọdún tú ká.

Ẹ̀yin ará mi, mo ronú gidigidi nígbà tí mo ka ibẹ̀. Àwọn tó fi gbogbo ayé wọn fín orúkọ ẹlòmíràn sára ilẹ̀kùn, sára pósí, sára òrùka, orúkọ tiwọn ló tú wọn ká. Nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹyẹ, wọn kò fẹnu kò lórí ẹni tí a ó pè ní òǹkọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ọ̀rẹ́ méjì tó jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù: mélòó nínú wọn ni a ti bá parí ìjà nínú ẹgbẹ́ wa yìí, tó sì jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí kò sí nílẹ̀ ni ìwé àdéhùn?

Bewick kọ ọ̀rọ̀ apá kejì, ti ẹyẹ inú omi, fúnra rẹ̀. Ó jáde ní 1804. Ní 1818, ó gbé ìwé àwọn àlọ́ Aesop jáde. Nígbà yẹn, ẹ̀rù àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń bà á, ó sì fín àmì àtàǹpàkò ara rẹ̀ sára rìsíìtì tí ẹni tó bá ra ìwé àlọ́ náà máa gbà. Àwa tí a máa ń tẹ̀ka lórí fọ́ọ̀mù ìjọba yóò mọyì èyí!

ÀWỌN ỌMỌ IṢẸ́

Bewick kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1828. Robert ọmọ rẹ̀, tó ti di alájọṣe rẹ̀ láti 1812, ló ń bá ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni iṣẹ́ náà wà mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bíi Luke Clennell, Charlton Nesbit àti William Harvey ti gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìwé ìròyìn alàwòrán ńlá kan, Illustrated London News, bẹ̀rẹ̀ ní 1842, orí igi tí a fín ni àwọn àwòrán rẹ̀ ti ń jáde. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ ni fọ́tò àti àwọn ọ̀nà ìtẹ̀wé tuntun gba ipò rẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ọgọ́rùn-ún ọdún ni iṣẹ́ tí ọ̀gá kan kò fẹ́ fi bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé.

Ìwé ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Newcastle. Ohun tí wọ́n fín, ẹni tí wọ́n fín in fún, iye tó san, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò kọ owó sílẹ̀ kò lè mọ apá ibi tí èrè ti ń wá, yóò sì rò pé gbogbo owó tó wọ àpò ni tòun.

ÈSÌ MI FÚN Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN NÁÀ

Mo ti padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ohun tí mo sọ fún un ni mo sọ fún gbogbo òbí àti ọ̀dọ́ tó bá ka ìwé yìí.

Èkíní, má ṣe kẹ́gàn iṣẹ́ kékeré, pàápàá èyí tí àwọn ọ̀gá ń lé kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni àyè wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Èkejì, kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lo fi ń kọ ọ́. Ẹ̀kẹta, má ṣe iṣẹ́ oníbàárà nìkan títí ayé. Wá wákàtí kan lálẹ́ fún ohun tí yóò jẹ́ tìrẹ. Ẹ̀kẹrin, bí ìwọ àti ẹnìkan bá fẹ́ jọ ṣe é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó dé: ìpín ta ni èló, orúkọ ta ni yóò wà níwájú, báwo ni ẹ ó ṣe pín in bí ẹ bá fẹ́ tú ká. Ẹ má sọ pé ìfẹ́ wà láàárín yín. Nítorí kí ìfẹ́ náà má baà bàjẹ́ ni ẹ ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín jù yín lọ. Bí Beilby bá ti gba iṣẹ́ igi náà lọ́wọ́ Thomas nítorí ìlara, ṣọ́ọ̀bù àwo pósí ni ìbá wà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, a kì bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ra ìwé tí òun ń kọ owó sí. Ó tún fi ọmọ kékeré kan hàn mí tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tó ń fi ẹ̀rọ kọ́ lẹ́tà kíkọ sára àjákù ike. Ó ní ọmọ náà ló ń bá òun yẹ àkọtọ́ orúkọ wò báyìí kí òun tó fín in, nítorí ojú rẹ̀ mú ju tòun lọ.

Kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa gbogbo. Kí àwọn tí a ó fún ní àwo lónìí fi ọjọ́ gígùn lò ó. Ẹ sì jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbé e sílé, ẹ yẹ àkọtọ́ orúkọ yín wò dáadáa.